Ta Ló Wá Bẹ̀ Ẹ́?

Ó ti di ọ̀sẹ̀ méje tí ìbéèrè kan ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mò ń ro ọkà, ó wà níbẹ̀. Mo wọ kèké láti Ọjà Ọba lọ sí Alágbàká, ó ti jókòó tì mí kí n tó yọ owó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, bí a bá dé ibi "bí a ti ń dárí jì àwọn tí ó ṣẹ̀ wá", ẹnu mi á máa bá ìjọ lọ, ọkàn mi á dúró sẹ́yìn, á ní òun ò tíì gbọ́ èsì.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni ìbéèrè náà ti wá. Ìyá Oǹdó ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n, torí Oǹdó ni wọ́n jókòó sí nígbà tí àwa yòókù tú ká lọ sí Àkúrẹ́, Ìbàdàn àti Èkó. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ojú wọn ò ríran kàwé mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn kò ṣeé purọ́ fún. Bí mo bá lọ kí wọn, èmi ni mò ń kàwé fún wọn: Sáàmù kan, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ìjọ, nígbà mìíràn ìtàn tí èmi fúnra mi ń kọ. Ìtàn yẹn la ń kà lọ́jọ́ tí wàhálà dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bọ̀ lórí búlọ́ọ̀gù yìí mọ̀ mí. Mi ò lè rí ìwé ìtàn tó dá lórí obìnrin onígbàgbọ́ ayé àtijọ́ kí n kọjá rẹ̀ lórí tábìlì ẹni tó ń tà á. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe máa ń lọ. Ẹbí obìnrin kan ṣe é níbi: bàbá lé e jáde, tàbí ẹ̀gbọ́n gba ohun ìní rẹ̀, tàbí àbúrò gba ọkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó jìyà. Ó bá Olúwa pàdé. Tí ìwé bá wá ku ojú ewé bí ogún, á dìde, á lọ dárí ji ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, gbogbo ilé á sunkún. Òjò sábà máa ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ìdí. Mo ti bá wọn sunkún kọjá oǹkà. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí, pé ìlú òyìnbó tàbí ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣẹlẹ̀. Mo ní kí n kọ èyí tí yóò ṣẹlẹ̀ ní Oǹdó.

## Ọ̀kẹ́ mẹ́ta

Ọdún 1880 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Charles Phillips, ọmọ Yorùbá tí àwọn míṣọ́nnárì CMS rán wá sí Oǹdó ní 1877, ti lo ọdún mẹ́ta nílùú. Bíṣọ́ọ̀bù tó padà dà ní 1893 ṣì jìnnà. Àwọn onígbàgbọ́ ò tíì pọ̀. Ọmọbìnrin inú ìtàn mi ti yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mẹrin lórí kọ̀ǹpútà mi, nítorí náà n ó kàn máa pè é ní Ìwọ̀fà níhìn-ín. Bàbá rẹ̀ kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá kan náà, fẹ́ ṣe òkú kí gbogbo ìlú mọ̀ pé ẹni ńlá ló lọ. Ó yá ọ̀kẹ́ owó mẹ́ta, ìyẹn 60,000 owó ẹyọ, lọ́wọ́ ìyá aláró kan, ó sì fi àbúrò rẹ̀ sọfà.

Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ibi tó ń ta mí lára. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe kì í dín gbèsè kù. Èlé ni. Bó pọn omi, bó gún ewé ẹ̀lú, bó re aṣọ láró fún ogún ọdún, ọ̀kẹ́ mẹ́ta ṣì ń jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ta títí ẹnìkan yóò fi gbé owó náà kalẹ̀. Samuel Johnson, tó parí kíkọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní 1897, ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ó sì jẹ́ ká mọ̀ pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Òótọ́ ni. Ẹrú tí wọ́n kó lójú ogun, ilé rẹ̀ ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ti ìwọ̀fà yàtọ̀. Ilé rẹ̀ mọ ibi tó wà. Wọ́n lè máa gba iwájú ilé náà kọjá lọ́jọ́ ọjà. Lójú tèmi, ibi tó burú jù nìyẹn.

Mo ṣe wàhálà lórí ìtàn yẹn o. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, mo gbé odidi Bíbélì Yorùbá lé ọmọ náà lọ́wọ́ ní ọdún kejì tó dé ilé aláró, kí n tó rántí pé 1884 ni wọ́n tó parí ìtúmọ̀ odidi rẹ̀. Ìwé Ìhìnrere kan ni mo fi rọ́pò. Mo gbin kòkó sóko ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo tún hú gbogbo rẹ̀, torí kòkó tí a fi mọ Oǹdó lónìí kò tíì di iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ wa nígbà yẹn. Mo wá gbin iṣu. Gbogbo èyí gba oṣù lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n orí ìwé tí Ìwọ̀fà ti dárí ji ẹ̀gbọ́n rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ kan péré ni mo fi kọ ọ́. Ó yẹ kí n ti fura.

Bó ṣe lọ nìyí. Ọdún méje kọjá. Ìwọ̀fà ti ń re aṣọ tirẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ìyá aláró, ó ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi san ọ̀kẹ́ mẹ́ta náà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n wàásù lórí Àdúrà Olúwa. Ó dìde níbẹ̀, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó dì mọ́ ọn, ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́." Òjò sì rọ̀. Èmi náà!

## "Padà sẹ́yìn"

Ọ̀sán Sátidé kan ni, a wà ní ẹ̀yìnkùlé Ìyá Oǹdó. Àtẹ ẹ̀gúsí wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Bí ojú wọn ṣe ṣú tó yẹn, ìka wọn mọ ẹ̀gúsí dénú: wọ́n á tẹ etí rẹ̀, á dún pẹ́, èèpo á lọ sọ́tùn-ún, ọmọ á bọ́ sínú abọ́. Mo ka orí ìwé náà dé ìparí. Ohùn mi tilẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ níbi tí òjò ti ń rọ̀. Mo dákẹ́, mò ń dúró kí wọ́n kí mi kú iṣẹ́.

"Padà sẹ́yìn. Tún ibi tó ti lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn kà."

Mo tún un kà.

"Ta ló wá bẹ̀ ẹ́?"

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. "Ẹ ní kí ni, Ìyá?"

"Ọmọbìnrin yìí. Mò ń bi ọ́ pé ta ló wá bẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán àgbà kankan sí i? Ṣé ó mú obì dání? Ṣé ó fi àyà balẹ̀?"

"Rárá, Ìyá. Ó ti gba Jésù. Ó kàn dárí jì í ni."

Wọ́n gbé àtẹ náà, wọ́n fẹ́ èèpo orí rẹ̀ dànù, wọ́n tún gbé e kalẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ń rò ó. Ìyá Oǹdó kì í sọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó jinná.

"Ó fi ara rẹ̀ san èlé. Ó fi owó ara rẹ̀ san ọ̀kẹ́ mẹ́ta. Ó wá tún gbé ìdáríjì rù, ó rìn lọ gbé e fún un nílé." Wọ́n mú ẹ̀gúsí mìíràn. "Kí wá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ san?"

Mi ò lè dáhùn. Mo wo ìwé ọwọ́ mi bí ẹni pé èsì lè wà ní ojú ewé kejì. Adìyẹ kan wọ abẹ́ àga wọn, ó ń ṣa èèpo jẹ. Wọ́n lé e. Wọ́n ní ẹ̀gúsí ti tó, kí n lọ gbé omi kaná, kí iyán má baà pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé inú kọ́kọ́ bí mi. Mo wà nínú mọ́tò tó ń padà sí Àkúrẹ́, mo ń dá ara mi láre: Ìyá ti dàgbà, ìtàn ìgbàgbọ́ kì í ṣe ìjókòó ẹbí, ẹ̀mí ló ń darí Ìwọ̀fà, kì í ṣe obì. Nígbà tí a fi kọjá afárá Òwènà, àwíjàre ti tán lẹ́nu mi. Ohun tó kù ni "Kí wá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ san?"

## Jósẹ́fù kò kánjú

Mo délé, mo ṣí Bíbélì. Ohun tí mo ń wá ni ẹ̀rí tí n ó fi borí Ìyá Oǹdó. Ìtàn Jósẹ́fù ni mo kọ́kọ́ lọ bá, torí òun ni gbogbo oníwàásù ń fi ṣe àpẹẹrẹ: àwọn ẹ̀gbọ́n tà á, ó di ẹni ńlá, ó dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá ra oúnjẹ ní Íjíbítì, Jósẹ́fù mọ̀ wọ́n, kò sọ̀rọ̀. Ó sunkún níkọ̀kọ̀, ó fọjú rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Wọ́n lọ, wọ́n tún bọ̀. Ìgbà wo ló tó fi ara rẹ̀ hàn? Ìgbà tí Júdà dúró níwájú rẹ̀ tó ní kí ó jẹ́ kí òun di ẹrú dípò Bẹ́ńjámínì, torí òun ti ṣe onígbọ̀wọ́ ọmọ náà fún bàbá wọn.

Júdà! Ẹ padà lọ wo Jẹ́nẹ́sísì orí 37. Júdà yìí kan náà ló dá a lábàá pé kí wọ́n ta Jósẹ́fù, tí wọ́n fi tà á ní ogún owó fàdákà. Ẹni tó ta àbúrò ló wá fi ara rẹ̀ sọfà nítorí àbúrò. Ìgbà yẹn ni Jósẹ́fù kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ti ka ibẹ̀ láti kékeré, ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mi ò rí i rí.

Kò sì tán síbẹ̀. Nígbà tí Jákọ́bù kú, ẹ̀rù tún bà wọ́n. Wọ́n ránṣẹ́ ṣáájú, wọ́n fi orúkọ bàbá tó ti kú bẹ̀ ẹ́, wọ́n wá fúnra wọn, wọ́n wólẹ̀ níwájú rẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn nílé wa tí kò ní mọ ohun tí wọ́n ń ṣe? Jákọ́bù fúnra rẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀ fún Ísọ̀. Ó da 200 abo ewúrẹ́ àti 20 òbúkọ, 200 abo àgùntàn àti 20 àgbò, 30 abo ràkúnmí pẹ̀lú ọmọ wọn, 40 abo màlúù àti 10 akọ, 20 abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti 10 akọ síwájú, ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè rọ̀ kí òun tó yọ. Ó sì tẹrí ba lẹ́ẹ̀meje kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò, ṣùgbọ́n Jákọ́bù mọ̀ pé ẹni tó jẹ gbèsè kì í mú ọ̀rọ̀ nìkan lọ́wọ́ lọ.

Mo lọ sí Mátíù. Jésù ní bí o bá gbé ọrẹ dé iwájú pẹpẹ, tí o wá rántí pé arákùnrin rẹ ní ohun kan nínú sí ọ, fi ọrẹ náà sílẹ̀, lọ bá a làjà ná. Ẹni tó ṣẹ̀ ló rán níṣẹ́. Òun ló ní kó dìde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi wá kọ ìtàn, mo rán obìnrin tí wọ́n fi sọfà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà níbẹ̀ tó jẹ́ kí n pa ìwé dé. Nínú Mátíù orí 6 ti Bíbélì wa, àdúrà náà kò sọ "ẹ̀ṣẹ̀" bí a ṣe ń kà á nínú ìsìn. "Dárí gbèsè wa jì wá," ló wà níbẹ̀, "bí àwa ti ń dárí jì àwọn onígbèsè wa." Gbèsè. Ìwọ̀fà ìbá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀ sí bí èmi ṣe gbọ́ ọ.

Mo tún wá rántí Phillips. Mo ti lò ó nínú ìtàn mi bí oníwàásù lásán, ẹni tó kàn ń dúró sórí pẹpẹ. Bẹ́ẹ̀ ní 1886, nígbà tí ogun Kírìjì ti gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, òun àti Samuel Johnson ni gómìnà Èkó, Moloney, rán lọ sí ibùdó ogun. Johnson lọ bá Ìbàdàn, Phillips lọ bá Èkìtì. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n gbọ́ ẹ̀sùn, wọ́n tún gbé èsì padà. Ìwé àdéhùn jáde lọ́dún náà. Àlùfáà Oǹdó mọ̀ pé àlàáfíà kì í hù nínú ọkàn ẹnìkan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá a.

## Ta ló bẹ Jésù?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ wa ní Àkúrẹ́. Mo sọ̀rọ̀ dáadáa, mo ti múra sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, ìyá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ní, "Ọmọ mi, ta ló bẹ Jésù lórí igi? Ta ló bẹ Sítéfánù?"

Gbogbo ilé pariwo "Háà!" Mo jókòó.

Mi ò ní fi ẹnu fẹ́ ìbéèrè yẹn dànù bí èèpo ẹ̀gúsí, torí gbòǹgbò ìgbàgbọ́ wa ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi orúkọ Sítéfánù sọ kàtídírà Áńgílíkà tó wà ní Òkè-Àlùkò ní Oǹdó. Ọmọdé Oǹdó tó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ bí òkò ṣe pa á àti bó ṣe bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tó sọ ọ́. Àánú tí kò dúró de ẹ̀bẹ̀ wà. Òun ló gba èmi náà là.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé mo tún un kà, mo ṣàkíyèsí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "Baba, dárí jì wọ́n." Bàbá rẹ̀ ni Jésù kọjú sí. Sítéfánù, Olúwa ló ké pè. Kò sẹ́ni tó ní kí Sítéfánù dìde nínú òkúta, kó gbọn eruku, kó lọ kí Sọ́ọ̀lù nílé, ẹni tí wọ́n kó aṣọ lé lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù yí padà, òun ló rìn lọ sí Jerúsálẹ́mù lọ bá àwọn tó ti ń ṣe inúnibíni sí. Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀, wọn ò gbà á gbọ́. Kò sì sí ibi tí Bíbélì ti bá wọn wí fún un. Bánábà ló mú un lọ́wọ́ tó lọ bá a sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àpọ́sítélì. Ẹlẹ́bẹ̀ ni Bánábà, ẹ pè é ní orúkọ tó wù yín.

Nítorí náà mo gbà pé nǹkan méjì ni, a sì ti sọ wọ́n di ọ̀kan. Èyí tó wà láàárín èmi àti Ọlọ́run, mo lè ṣe é ní òru, kí ẹni tó ṣẹ̀ mí máa sùn. Èyí tó wà láàárín èmi àti ẹni náà, ẹsẹ̀ méjì ló ń gbé e. Nígbà tí a bá da méjèèjì pọ̀, obìnrin ló sábà máa ń rù ú. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà ẹbí tó pọ̀, n kò tíì gbọ́ kí wọ́n sọ fún ọkùnrin tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ pé kó lọ dì mọ́ ẹni tó gbà á. Wọ́n á ní kí wọ́n pe ẹbí jọ. Fún obìnrin, ó di "ìyá ni ọ́, gbé e mì." Ní Oǹdó yìí náà o, níbi tí ìtàn ti sọ pé obìnrin, Pupupu, ni ọba àkọ́kọ́, tí wọn kò sì lè fi Ọṣemàwé, ọba Oǹdó, jẹ láìsí ọwọ́ Lóbùn, olórí àwọn obìnrin ìlú, níbẹ̀.

## Ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Mo ti ń yí i ká láti òkè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Bàbá mi àti Ìyá Oǹdó, ìyá kan ló bí wọn. Nígbà tí bàbá àgbà kú, ìdí-igi ni wọ́n fi pín ogún, oko kòkó kan sì bọ́ sí ìdí tiwọn. Ti àwọn méjèèjì ni. Bàbá mi ló ń bójú tó o. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ó tà á, gbogbo rẹ̀, kò sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó rà á ló wá sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá ká kòkó mọ́.

Gbogbo wa nínú ẹbí la mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kì í sọ sókè ni ibi tí owó náà lọ. Owó ilé ẹ̀kọ́ ni. Ọdún tí wọ́n ta oko ni mo wọ yunifásítì. Ìyá Oǹdó gbé ẹja gbígbẹ lọ sọ́jà, wọ́n tà á títí ẹ̀yìn fi ń dùn wọ́n. Bí mo bá lọ kí wọn nígbà ìsinmi, wọ́n á fi ẹja di ẹrù fún mi kí n gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo gbà á. Mo dúpẹ́. Mo jẹ ẹ́.

Bàbá mi kò bẹ̀ wọ́n títí ó fi kú. Ó máa ń ra aṣọ fún wọn lọ́dún Kérésì, bóyá ó rò pé ìyẹn ti tó. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Níbi ìsìnkú rẹ̀, àgbà ìjọ kan fa Ìyá Oǹdó síwájú, ó ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìdáríjì kí pósí tó wọlẹ̀. Gbogbo èrò dákẹ́. Wọ́n wo inú ilẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dàárọ̀ o, àbúrò mi." Wọ́n padà síbi tí wọ́n dúró sí.

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé wọ́n dójú ti bàbá mi. Nígbà tí àlejò lọ tán mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, "Èmi àti Ọlọ́run ti parí tiwa tipẹ́. Ti èmi àti àbúrò mi ló kù, ó sì ti gbé tirẹ̀ lọ." Mo gbọ́ ọ, mo gbé e jù sẹ́yìn.

Ẹ̀yin náà ti wá rí ohun tí mo ń kọ láti ọjọ́ yìí. Ọmọ ìyá kan tó fi àbúrò rẹ̀ sọfà, obìnrin tó lọ dárí jì í láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Mo kàn yí ẹ̀gbọ́n sí àbúrò, mo sì gbé e lọ sí 1880. Mo kọ odidi ìwé kí obìnrin kan lè sọ ohun tí Ìyá Oǹdó kọ̀ láti sọ létí ibojì, mo tún gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé wọn, mo kà á sí wọn létí. Wọ́n mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ka ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n ti mọ̀.

## Orí kẹtàlá

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ni mo ti ka àkọsílẹ̀ Àjàyí Crowther nípa ọjọ́ tó rí ìyá rẹ̀, Afálà, ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ogun ti yà wọ́n láti 1821. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu wọn ò gba ọ̀rọ̀, omijé ń dà. Kò wá ọ̀rọ̀ tó dùn fi sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ọdún 25 wà níbẹ̀, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń tún orí kẹtàlá kọ, orí ìdáríjì tí mo kà fún Ìyá Oǹdó yẹn, ìwé Crowther ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní Sátidé tó kọjá a lọ sí Oǹdó. Èmi, àbúrò mi ọkùnrin, àti àbúrò bàbá mi kan tó kù láyé, ọmọ ìyá mìíràn, tí mo ti bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gbà láti bá wa lọ. A mú obì àbàtà dání, pẹ̀lú páálí mọ́ọ̀tì kan, torí Ìyá Oǹdó kì í mutí. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ǹtì. Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ti há ọ̀rọ̀ sórí, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ohun tí mo rántí pé mo sọ ni, "Ìyá, owó oko yín ni mo fi kàwé. Bàbá ò bẹ̀ yín. A wá bẹ̀ yín. A ò lè gba oko náà padà."

Wọn ò fèsì. Wọ́n na ọwọ́ títí wọ́n fi kan orí àbúrò mi, bóyá wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ó pẹ́. Eékún mi ti ń dùn mí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù." Wọ́n gba obì náà, wọn ò pa á. Wọ́n gbé e sórí ẹsẹ̀ wọn, níbi tí àtẹ ẹ̀gúsí wà lọ́jọ́ sí. Bàbá wa kékeré fẹ́ máa sọ̀rọ̀, wọ́n fi ọwọ́ dá a dúró.

"Ìwé yẹn ńkọ́? O ti tún un kọ?"

Mo ní mo ti tún un kọ, pé kò tíì parí. Wọ́n ní kí n kà á.

Mo ka orí kẹtàlá lójú gbogbo wọn. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ìwọ̀fà gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró dé ìgbọ̀nwọ́. Àgbà méjì dúró lójúde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílẹ̀ láàárín wọn, ó dojú bolẹ̀, ọ̀kẹ́ owó mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ìwọ̀fà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo dé.

"Kí ló wá sọ fún un?" ni àbúrò mi bi mí.

"Mi ò tíì mọ̀."

Ìyá Oǹdó mú obì kan nínú obì náà, wọ́n ń yí i lọ́wọ́ bí ẹni ń wá ojú rẹ̀.

"Má tíì jẹ́ kó sọ nǹkan kan," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀."